Asopọ̀, Alátojúbọ̀ Abẹ́ Awọ

Ẹnì kan wà tí mo fẹ́ bú lónìí, ẹ má sì dá mi lẹ́kun. Kì í ṣe èèyàn, kò lè pè mí lẹ́jọ́ ní Atakpamé. Kì í ṣe òrìṣà, kò lè ní kí n wá fi ewúrẹ́ bẹ òun. Sẹ́ẹ̀lì lásánlàsàn ni, ojú kò lè rí i, abẹ́ awọ gbogbo wa ló sì fi ṣe ilé. Bí ẹ ṣe ń ka èyí, ó wà nínú ìka tí ẹ fi di ìwé mú, ó ń na etí. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é ní fibroblast. Èmi ti sọ ọ́ ní Asopọ̀, nítorí òun ló ń hun okùn tó so ẹran mọ́ egungun, tó so awọ mọ́ ẹran, tó sì gbá ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín mú sí àyè wọn, tí wọn ò fi máa yí gbirigbiri nínú ikùn bí a bá gun zémidjan láti Atakpamé lọ sí Nangbéto.

Ẹ wo àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ná. Ọkàn ni olólùfẹ́ tí kò ní sẹ́fà kan lápò fi ń búra. Ẹ̀dọ̀ ni a ní kí onínúfùfù fi lé orí òróòro. Ọpọlọ ló ń gba ìwé ẹ̀rí. Inú pàápàá, tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó gba iyán lọ, a ń torí rẹ̀ pe èèyàn ní onínúure. Ta ló ti gbọ́ kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan wí fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pé, “Olólùfẹ́ mi, gbogbo fibroblast ara mi ló fẹ́ ọ”? Bẹ́ẹ̀ Asopọ̀ wà nínú ọkàn tí wọ́n ń fi búra yẹn. Okùn tó hun ni kò jẹ́ kí ilẹ̀kùn inú ọkàn ya, okùn náà ni kò jẹ́ kí ògiri rẹ̀ fẹ̀ kọjá àyè bó ti ń lù tọ̀sán-tòru. Ẹ óò rò pé ẹni tí wọn kì í kì, tí wọn kì í sà, yóò jẹ́ onírẹ̀lẹ̀. Asopọ̀ kọ̀, ó lọ fi tirẹ̀ di alátojúbọ̀.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì ojú awọ fún ara wọn pinpin, èjìká kan èjìká, oníkálukú sì ń ṣe tirẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Asopọ̀ ò gbé báyẹn. Ilé rẹ̀ jìnnà sí ti ẹnìkejì, àárín okùn tí òun fúnra rẹ̀ hun ló jókòó sí. Ẹni tó bá rí i lókèèrè á ní àlàáfíà lèyí ń wá. Àlàáfíà kẹ̀! Apá gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló ní, ó ń nà án káàkiri títí yóò fi kan apá Asopọ̀ mìíràn. Ibi tí apá méjèèjì bá ti kanra, wọ́n ti lu ihò tín-ín-tín síbẹ̀, inú ihò yẹn sì ni iyọ̀ àti àwọn èròjà kéékèèké ń gbà láti inú ẹnìkan bọ́ sínú ẹnìkejì. Olófòófó tiwa ní láti dìde, kó wá bàtà rẹ̀, kó ṣe bí ẹni pé ìṣáná lòun wá tọrọ. Asopọ̀ ti so ikùn rẹ̀ mọ́ ti aládùúgbò, ọ̀rọ̀ ń lọ, ọ̀rọ̀ ń bọ̀, ẹnu ò là.

Ẹni tí apá ò tó, ó ń ránṣẹ́ sí i. Bí abẹ bá gé wa lọ́wọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì ojú awọ á figbe ta. Igbe wọn ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní interleukin-1. Asopọ̀ tó wà nísàlẹ̀ á gbọ́, kíá á ti dá èsì padà. Èsì náà ń jẹ́ KGF, gbogbo ohun tó sì ń wí kò ju pé, “Ẹ máa bí sí i! Ẹ máa bí sí i!” Àwọn tòkè á bẹ̀rẹ̀ sí í pín, wọ́n á rẹ̀, wọ́n á bo ojú ọgbẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, nínú agboolé wo lẹ ti mọ ẹni tó ń jókòó sísàlẹ̀, tó ń kígbe sí àwọn tó wà lókè àjà pé kí wọ́n bímọ? Ìyá ọkọ ni! Ìyá ọkọ tiẹ̀ máa ń bá wọn gbé ọmọ pọ̀n.

Bí ẹ bá rò pé mò ń purọ́ mọ́ ọn, ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ yín kí ẹ wò ó. Èèyàn dúdú ni wá, dúdú tó ń dán, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ wa mọ́ ju ìyókù lọ. Àwọn kan ní iṣẹ́ ló bó o. Ṣé ọ̀lẹ ò ní àtẹ́lẹwọ́ ni? Àwọn kan ní oòrùn ni kì í débẹ̀. Ẹ lọ sí etí adágún Nangbéto ní ọ̀sán, kí ẹ wo apẹja tó dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀ rẹ̀, tó ṣí ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ sí ojú ọ̀run: oòrùn ń ta síbẹ̀ dáadáa, kò sì dúdú. Lọ́dún 2004 ni Yamaguchi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tú àṣírí náà. Asopọ̀ tó ń gbé abẹ́ àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ń tú èròjà kan tó ń jẹ́ DKK1 jáde, ó pọ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń gbé ibòmíràn lọ. Bí èròjà yìí bá dé ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì tó ń po aró dúdú sí awọ, ìyẹn á dẹwọ́ iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni ò bá awọ dámọ̀ràn. Aládùúgbò ìsàlẹ̀ ló ní òun ò fẹ́ aró púpọ̀ ládùúgbò òun, wọ́n sì gbà fún un. Ẹni tí wọn ò dìbò fún, ó ń yan ọ̀dà fún ilé onílé!

Ìwà yìí kì í ṣe tòní. Àwọn onímọ̀ ọlẹ̀ ti mú ẹran abẹ́ awọ, ìyẹn àwọn bàbá ńlá Asopọ̀, láti ẹsẹ̀ ọmọ adìẹ tó ṣì wà nínú ẹyin, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ awọ apá. Awọ apá yìí, tí ìyẹ́ nìkan ni gbogbo ìran rẹ̀ ń hù, ó gbọ́ ohùn àlejò nísàlẹ̀, ó bá hu ìpẹ́ àti èékánná. Ní apá! Bí irú adìẹ bẹ́ẹ̀ bá dé ọjà, mo mọ àwọn ìyá wa tí yóò ta á ní owó ẹsẹ̀ mẹ́rin.

Mo ti dárúkọ Nangbéto, ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀, torí nǹkan kan wà níbẹ̀ tí Asopọ̀ lè fi mí ṣẹ̀sín. Lọ́dún 1987 ni dáàmù ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí odò Mono. Togo àti Benin ló jọ ni ín, agbára ẹ̀rọ méjèèjì tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 65. Bí omi bá kún, adágún tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè gba ilẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 180, àwọn tó sì kó kúrò nílé bàbá wọn nítorí rẹ̀ lé ní 10,000. Iṣẹ́ ńlá ni, a ò lè tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri náà kò mọ ohun tó ń ṣe é. Bó bá sán, àfi kí ọmọ ènìyàn lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Asopọ̀ ní tirẹ̀ kì í jọ̀wọ́ okùn rẹ̀; ó dì í mú gírígírí, ó ń fà á wò nígbà gbogbo. Bí okùn bá le dan-in, á mọ̀ pé ẹrù wà níbẹ̀, á hun òmíràn tì í. Bó bá dẹ̀, òun náà á dẹ̀. Ìdí nìyẹn tí okùn apá apẹja tó ń fa àwọ̀n láràárọ̀ fi ń yi sí i, tí ti ọ̀gá ọ́fíìsì, tí kò gbé ohun tó wúwo ju bírò lọ láti ọdún mẹ́wàá, fi ń rọ̀.

Ní ti kí a ké sí aládùúgbò kí nǹkan tó bàjẹ́, dáàmù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni. Bí òjò bá pọ̀, omi gbọ́dọ̀ jáde. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò, títí dé apá ọ̀dọ̀ òkun ní Benin, sì gbọ́dọ̀ gbọ́ kí omi tó bá wọn lórí ẹní. Red Cross ilẹ̀ Togo ti gbé ètò orí kọ̀ǹpútà kan dìde, FUNES lorúkọ rẹ̀, tó ń ṣírò ìgbà tí omi Nangbéto lè ṣàn kọjá, kí wọ́n lè tètè kìlọ̀ fún àwọn abúlé. Ó dára púpọ̀. Asopọ̀ kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Láti ìgbà tí ẹja ti ní egungun lòun ti ń ké sí ará ìsàlẹ̀ àti ará òkè, òun ò sì lo iná mànàmáná.

Ẹ fẹ́ rí okùn tó ń hun? Ẹ má wulẹ̀ lọ sí ilé ìwé ìṣègùn, ẹ ṣí ìkòkò bọ̀kọ́tọ̀. Ẹni tó ń se ẹja adágún kì í pẹ́ nídìí iná. Okùn inú ẹran ẹja ò pọ̀, èyí tó sì wà níbẹ̀, ooru díẹ̀ ti yọ́ ọ. Kí ẹ tó gún iyán tán, ẹja ti ń já bọ́ lára egungun. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ẹsẹ̀ màlúù kaná, kó yáa lọ ṣẹ́ igi sí i. Á hó títí, á dà bí ẹni pé ẹ̀tàn ni. Nígbà tó bá yá, ohun tí eyín ò lè ràn á bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Omi rẹ̀ á máa fà yọ̀ọ̀ lára ṣíbí, ìka á lẹ̀ mọ́ ìka, ètè òkè á fẹ́ má padà kúrò lára tìsàlẹ̀. Ẹ gbé e sílẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọbẹ̀ á dì, ẹ lè fi ọ̀bẹ gé e. Iṣẹ́ ọwọ́ Asopọ̀ lẹ̀ ń jẹ yẹn. Kọ́lájìn ni, ooru ló tú okùn náà. Nínú gbogbo purotéènì tó wà lára wa, kọ́lájìn nìkan ń gba ìdá mẹ́rin kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pọ̀nmọ́ náà, òun ni. Ẹni tó bá sọ pé pọ̀nmọ́ ò ní nǹkan kan nínú, ó bú oníṣẹ́ lójú iṣẹ́.

Fọ́nrán mẹ́ta ni Asopọ̀ ń lọ́ pọ̀ di ẹyọ kan, láìsí fítámì C kò sì lè lọ́ ọ kó gún. Ohun tí ojú àwọn atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí lórí èyí, ó yẹ kí wọ́n fi kọrin. George Anson kó ọkọ̀ ojú omi yí ayé ká láàárín 1740 sí 1744. Àwọn èèyàn rẹ̀ pẹ́ lójú òkun láìrí èso jẹ, eyín ń mì, ara ń jẹrà. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀kan nínú wọn ti gba ọgbẹ́ lójú ogun Boyne ní Ireland, lọ́dún 1690. Ọgbẹ́ náà ti jinná tipẹ́. Ó bá tún là, lẹ́yìn 50 ọdún, bí ẹni pé àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n ṣá a! Gbèsè tó pé 50 ọdún, ẹni tó yáni lówó á ti kú. Ṣùgbọ́n àpá ò níparí. Ojoojúmọ́ ni Asopọ̀ ń tú èyí tó gbó níbẹ̀, tó ń hun tuntun dípò rẹ̀, bí ohun èlò bá sì tán lọ́wọ́ rẹ̀, títú nìkan ló kù. Lọ́dún 1747 ni dókítà James Lind pín atukọ̀ 12 sí méjì-méjì, tó fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní oògùn ọ̀tọ̀. Àwọn tó fún ní ọsàn àti òrombó ló kọ́kọ́ dìde.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí àgbàlagbà ọmọ Ifẹ̀ tó kọlà ní Atakpamé, ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa. Olóolà ti lọ sọ́run. Bàbá tó sanwó ilà ti lọ. Ọmọ tó ń ké lọ́jọ́ náà ti hewú. Asopọ̀ nìkan ni kò tíì kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó ṣì ń tún ilà náà kọ lójoojúmọ́, ẹnikẹ́ni ò sì fún un ní ọtí mu.

Ó tó gẹ́ẹ́, mo ti ń yìn ín jù. Ẹ jẹ́ ká padà sí èébú. Àìsàn tó ń ṣe Asopọ̀ ni pé kò mọ ìgbà tí òde parí. Ẹ ní kó dí ihò, á dí ihò. Á wò ó, á ní kò tíì tó, á kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e. Ọmọbìnrin lu etí kó lè fi yẹtí sí i, kókó ẹran hù níbẹ̀ tó tóbi ju yẹtí lọ. Àwa aláwọ̀ dúdú ni irú àpá gọ̀dọ̀gọ̀dọ̀ yìí ń bá jà jù. Ìránṣẹ́ tó ń gun Asopọ̀ ní kẹ́ṣẹ́ ń jẹ́ TGF-beta. Bí Asopọ̀ bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó lè pa ara dà, kó ní agbára bíi ti iṣan ẹran, kó máa fa etí ọgbẹ́ méjèèjì sún mọ́ra. Gabbiani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Geneva ti ṣàpèjúwe Asopọ̀ tó para dà yìí láti 1971. Bí ọgbẹ́ bá pa dé tán, ó yẹ kí àwọn tó para dà yìí kú wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn mìíràn máa ń kọ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ kù. Wọ́n ní ará ìlú ṣì ń fẹ́ àwọn. Ẹ mọ irú wọn nílẹ̀ Áfíríkà, n ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ọmọ kékeré ṣì ni mí.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi onísódabì, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ kàn. Mọ̀lẹ́bí Asopọ̀ kan ń gbé inú ẹ̀dọ̀, ẹni jẹ́jẹ́, fítámì A ló ń bá yín tọ́jú pamọ́. Bí ọtí líle bá ń jó ẹ̀dọ̀ lójoojúmọ́, mọ̀lẹ́bí yìí yóò da fítámì nù, yóò gbé okùn, kò sì ní sinmi títí ẹ̀dọ̀ yóò fi le gbagidi. Ẹyin aràn bilharzia, tí èèyàn ń kó nínú omi adágún, lè tì í débẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀sùn tó ń dùn mí jù ló kù. Alátojúbọ̀ tó mọ bí ará òkè ṣe ń bímọ, tó ń yan ọ̀dà fún àtẹ́lẹwọ́, sòbìà gba àgbàlá rẹ̀ kọjá, kò rí i! Sòbìà, aràn tó lè gùn tó mítà kan! Èèyàn á mu omi tí kòkòrò rẹ̀ wà nínú rẹ̀, aràn á wọlé, á máa rìn láàárín okùn Asopọ̀ fún bí ọdún kan gbáko, kò ní san owó ibodè, kò ní fi ìwé ìrìnnà hàn, àfi ọjọ́ tó bá yọrí ní ojúgun. Ọjọ́ náà ni ilé ń gbóná. Ẹ má jẹ́ kí Asopọ̀ tàn yín pé òun ló lé sòbìà lọ. Aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi, kànga tó mọ́, àti àwọn ará abúlé tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ló lé e. Lọ́dún 2011 ni àjọ WHO jẹ́rìí sí i pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Togo. Nígbà tó di 2022, wọ́n kéde Togo ní orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ láyé tó gbá àrùn mẹ́rin irú rẹ̀ jáde. Sòbìà wà lára wọn.

Ti ìnárun burú jùyẹn lọ, torí níbẹ̀, ojú Asopọ̀ rí aràn kedere. Eṣinṣin dúdú kékeré tó ń yé ẹyin sínú omi tó ń sáré ló ń gbé aràn náà wọ ara èèyàn. Asopọ̀ rí aràn, ó ní òun á tì í mọ́lé. Ó mọ ògiri yí i ká, ògiri tó nípọn débi pé a lè fi ọwọ́ tẹ kókó náà ní ìbàdí. Mo ti fẹ́ pàtẹ́wọ́ fún un. Háà, òpó ẹ̀jẹ̀ ló tún jẹ́ kó wọnú ilé náà! Oúnjẹ ń wọlé fún aràn, omi ń wọlé fún aràn. Ìyá aràn á jókòó síbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, á máa bímọ, àwọn ọmọ á máa jáde lọ ba awọ àti ojú èèyàn jẹ́. Ta ló ń kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n, tó ń fa omi ẹ̀rọ wọ̀ ọ́ fún olè, tó sì ń ṣí fèrèsé kí ọmọ olè lè máa jáde lọ síbi iṣẹ́? Láti 1974 ni wọ́n ti fi hẹlikópítà da oògùn sí àwọn odò orílẹ̀-èdè méje, Togo wà lára wọn, kí eṣinṣin náà lè kú. Nígbà tó di 1987, ọdún tí dáàmù Nangbéto bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an, iléeṣẹ́ Merck ní àwọn yóò máa fi Mectizan tọrẹ. Oògùn náà ń pa ọmọ aràn. Ìyá wọn ṣì wà nínú ilé tí Asopọ̀ kọ́ fún un, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pín oògùn náà lọ́dọọdún láì gbà pé ó tó.

Ọjọ́ ogbó ń bọ̀ fún òun náà. Lọ́dún 1961, Hayflick àti Moorhead fi hàn pé fibroblast èèyàn tí wọ́n ń tọ́ nínú abọ́ ìwádìí máa ń pín fún bí ìgbà 50, lẹ́yìn náà á jókòó, kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́. Lójú tiwa, okùn tuntun á dín kù, oòrùn á gé èyí tó wà nílẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á hunjọ. Ibẹ̀ làwọn oníṣòwò ti gbọ́ òórùn owó.

Obìnrin kan tó ń ta ìpara ní ọjà Atakpamé gbé ike funfun kan lé mi lọ́wọ́. Ó ní kọ́lájìn ògidì ni, kí n fi pa ojú láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ìyàwó mi má bá a bi mí pé ta ni mí. Mo ní, “Ìyá wa, kọ́lájìn tóbi ju ojú ihò awọ lọ, kò lè wọlé. Asopọ̀ tó wà nínú ló ń hun ún.” Ó bi mí pé Asopọ̀ wo. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí àtẹ́lẹwọ́, mo dé orí adìẹ, mo dé orí atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi tán, ó sì wò mí láti iwájú orí dé àgbọ̀n.

“Bọ̀dá,” ó ní, “ẹni tí ẹ ń ṣàlàyé rẹ̀ yìí, ẹ̀rí hàn lójú yín pé ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́. Ẹ ra méjì, màá fi ọṣẹ kan ṣe ènì.”